Ìdajì Ẹja Lórí Àwo Ọkọ Mi

Olóòtú wa, mo kí yín láti Atlanta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Kí ọkọ mi tó kú ní oṣù kẹta, ó ti gba ìjókòó méjì sílẹ̀ fún àyájọ́ ìgbéyàwó wa ní ilé oúnjẹ àwọn ará Japan kan. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn yan oúnjẹ níbẹ̀. Ohun tí alásè bá gbé síwájú ẹni lèèyàn ń jẹ. Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Màmá wọn, ẹja tí kò fojú kan iná lo máa jẹ o!”

Èmi nìkan ni mo lọ. Mo ṣàlàyé fún alásè, ó tẹrí ba, síbẹ̀ ó ń gbé súṣì, ìyẹn ẹja àìsè lórí ìrẹsì, síwájú àga òfìfo náà, ó sì ń gbé e kúrò bí òmíràn bá kàn. Ẹ̀rín àwọn oníbàárà yòókù tó ń gbádùn ara wọn gba gbogbo ibẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi ń fi ìdajì ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo lọ fọwọ́ tí mo padà dé, ìdajì súṣì tó gbẹ̀yìn ló kù lórí àwo rẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó ní, “Mummy, ẹ̀yin náà lẹ jẹ ìdajì àkọ́kọ́, ẹ ti gbàgbé ni. Ẹ má débẹ̀ mọ́!”

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀, alásè ti bi mí pé ẹni mélòó ló máa wá lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì ti dáhùn pé méjì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fagi lé e?