Ìṣirò Odò Tí Ẹ Ṣe Lọ́jọ́sí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Wọ́n ní kí n kí ìyàwó yín.

Ọ̀gá mi ní kí n tún ìṣirò àkúnya odò tí ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ́dún méjìlá sẹ́yìn ṣe. Fún oṣù mẹ́ta, tèmi kò bá tiyín mu. Lánàá, mo ka iye mítà tí wọ́n kọ fún jíjìn odò sí ẹsẹ̀ bàtà, ló bá bá tiyín mu rẹ́gí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàṣìṣe, odi tí wọ́n fẹ́ fi ìṣirò yín mọ létí odò á sì kúrú. Mi ò tíì sọ fún ọ̀gá. Ẹ pè é kó tó di Ọjọ́rú tí mo máa jábọ̀ fún un, kó lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti máa tún ìṣirò yẹ̀ wò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí ẹ kọ́ mi pa yín lára.

Àbúrò yín