Aṣọ Fítámì Tí Ó Ku Igun Kan

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òkè Igbein, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, 1983.

Bùsírátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí ìwé tí ò ń kà, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní Yábàá, mo sì kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ yẹn lójoojúmọ́. Ọlọ́run tó fún mi ní ojú kò ní jẹ́ kí n fi sunkún ọmọ. Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n sọ èyí tí o fẹ́ gbọ́: Asiata ọmọ rẹ ti ríran. Mo ní ó ti ríran, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀. Nítorí náà ẹrù tí o ní o ti dì láti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí o wá mú un, jọ̀ọ́, tú u. Jókòó síbẹ̀ kí o ṣe ìdánwò rẹ.

Mo mọ̀ pé oorun rẹ kò lè jinlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí ọ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ńṣe ni Asiata ń fi ọwọ́ wá ògiri kiri bí adìẹ tí ilẹ̀ ṣú bá níta. Àtìgbà tí èéyí tó ṣe é nínú ọyẹ́ ti lọ ni, èmi sì rò pé eré ni ó ń bá mi ṣe. Àfi ọjọ́ tó rìn lọ bá ìkòkò aró tí mo ṣí sílẹ̀, tí Ọlọ́run yọ ọ́ tó jẹ́ apá rẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni apá náà fi dúdú, gbogbo ẹni tó rí i ló ń bi mí bóyá mo ti wá ń rẹ ọmọ ènìyàn láró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń rò ni pé ọmọ tí o fi sí mi lọ́wọ́ kí o lè kàwé, ṣé afọ́jú ni màá wá fà lé ọ lọ́wọ́? Ẹ̀rù bà mí, Bùsírátù, n kò ní purọ́ fún ọ.

Lẹ́tà rẹ wá dé, èmi fúnra mi ni mo rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣàpọ́n lọ gbà á. O ní kì í ṣe ayé ló ń ṣe ọmọ, pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní fítámì A ni kò sí lára rẹ̀ mọ́, pé èéyí ti jẹ èyí tó wà níbẹ̀ tán, àti pé ó wà nínú epo pupa, ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ àti máńgòrò. O wá béèrè lọ́wọ́ mi pé irú epo wo ni mo fi ń sebẹ̀. Ìwọ náà ló wá ń bi mí! Ta ló ru agolo òróró mẹ́ta wálé ní Iléyá? Ta ló ní epo pupa ti di ti ará oko, pé òróró ni àwọn ọ̀làjú ń lò ní Èkó? Ìyá rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn epo pupa kò wọ ilé yìí mọ́, mo tilẹ̀ fi kèrègbè epo mi ta Kùdírátù tí a jọ ń rẹ aró lọ́rẹ. Asiata ní òun kò jẹ ẹ̀fọ́ tí kò pọ́n, bó ṣe di pé ẹ̀kọ funfun, ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ funfun ló ń jẹ nìyẹn. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Mo ti dárí jì ọ́, kí ìwọ náà dárí jì mí.

Èyí tó wá rú mi lójú ni tákàdá kejì, tí o kàn ya àwòrán sí, tí o ní kí n wo fítámì A náà bó ṣe rí. Ilé kan onígun mẹ́fà, pẹ̀lú ìrù gígùn tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà ilé rẹ ni o yà fún mi láti ibùdókọ̀, pé oríta ńlá kan ni onígun mẹ́fà yẹn, mo sì ti ń wá ìborùn mi. Tíṣà Josiah tó ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ní rárá, pé bí ara fítámì fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, pé ó kéré débi pé kò sí ojú tó lè rí i. Mo bi í léèrè pé bí ojú kò bá lè rí i, ta ló wá ka igun rẹ̀ tó fi mọ̀ pé mẹ́fà ni. Ó wúkọ́, ó ní ká ṣí ìwé wa.

Mo wá rò ó fúnra mi. Ọmọ mi kì í fi tákàdá ṣòfò. Ó mọ̀ pé aláró ni ìyá òun. Bí o bá ya àwòrán ránṣẹ́ sí aláró tí ọmọ ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ni o tún fẹ́ kó fi ṣe? Bí mo ṣe po ẹ̀kọ láfún tí a fi ń ya àdìrẹ nìyẹn, mo mú ìyẹ́ adìẹ, mo sì ya fítámì sí ojú aṣọ funfun láti etí dé etí. Níbi tí ìlà ti jẹ́ méjì méjì, mo rò pé bírò ló yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, mo sọ wọ́n di ẹyọ kan. Tíṣà ní háà, pé ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà, ni mo bá fọ aṣọ, mo tún un yà. Lẹ́tà O àti H tó wà ní ìparí ìrù, mo mọ̀ pé àmì ẹni tó ni iṣẹ́ ni, nítorí kálukú wa ló ní àmì tirẹ̀; níwọ̀n bó sì ti jẹ́ èmi ni mo ya èyí, mo yọ wọ́n kúrò, mo fi S ti Sàfúrátù síbẹ̀. Bí S kò bá bá fítámì náà lára mu, tètè wí. Mo dá bùbá fún Asiata nínú rẹ̀, mo sì dá epo pupa padà sínú ọbẹ̀, ẹ̀dọ̀ ẹran lọ́jọ́ kan, máńgòrò lọ́jọ́ kejì. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó má di pé èyí tí o ní lọ́kàn ni mo fi sílẹ̀.

Ti àwọn antiọ́síídáǹtì tí o tún kọ, mo da orúkọ wọn kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí n má ṣì í. O ní àwọn ló ń dá atẹ́gùn dúró, pé atẹ́gùn ló ń ba epo jẹ́, òun ló ń mú kí ìgbá tí a bá là sílẹ̀ dúdú, pé bí a bá fún omi ọsàn sí i, kò ní í tètè dúdú. Ọmọ mi, èyí kò ṣàjèjì sí mi. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di aró lójú mi kòrókòró. Àmọ́ bí ọsàn bá lè dá atẹ́gùn dúró lẹ́nu iṣẹ́, ewu ńlá ni fún wa! Mo ti fòfin de ọsàn nídìí ìkòkò. Kùdírátù mú ọsàn bíbó wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lé e dé títì, ó ní orí mi ti dàrú, mo ní kẹ́mísírì ni. Bá mi béèrè bóyá ó lè ti ẹnu ẹni tó ń mu ún bọ́ sínú aró. Kí o sì sọ fún àwọn tíṣà rẹ pé atẹ́gùn tí wọ́n ń bú yẹn ló san owó ilé ìwé rẹ.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọjọ́ kejìlá tí epo pupa ti padà wọlé. Oòrùn ti wọ̀, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ mọ́, èmi gan-an ń fún ojú pọ̀ kí n tó rí nǹkan. Asiata jókòó sí ẹnu ọ̀nà, aṣọ mìíràn tí mo ya fítámì sí wà lórí okùn lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri. Ọmọ náà déédéé sọ pé mo ti rẹ́ fítámì jẹ. Mo ní báwo? Ó ní ilé kan wà ní ìsàlẹ̀ aṣọ yẹn tí igun rẹ̀ kò pé mẹ́fà, pé márùn-ún ni òun kà. Mo ní kó má parọ́. Mo tan àtùpà, mo lọ bá aṣọ, mo fi ìka kà á. Márùn-ún ni. Mo tún un kà. Márùn-ún ni! Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ìyẹ́ ya aṣọ, kò sí ẹni tó rí àṣìṣe lọ́wọ́ mi rí, n kò sì tíì rí ọjọ́ tí àṣìṣe dùn mọ́ mi báyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Asiata rò pé òun ló bí mi nínú, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, ó ní igun márùn-ún náà dára.

Ní báyìí, àwọn oníbàárà ti rí bùbá rẹ̀, aṣọ fítámì ni gbogbo wọn ń béèrè. Ìyá kan láti Òṣíẹ̀lẹ̀ ń fẹ́ èyí tí yóò wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń dùn ún sàn. Bá mi ya B àti C ránṣẹ́. Bí D bá le, fi í sílẹ̀. Fi owó díẹ̀ sí i fún aṣọ funfun àti epo pupa, nítorí Kùdírátù ti kọ̀, kò dá kèrègbè mi padà. Má fi òróró ránṣẹ́ o.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lójú inú àti ti òde, orúkọ rẹ yóò wà lókè nínú ìdánwò náà, ìwọ àti Asiata kò ní wá ara yín tì, nírọ̀lẹ́ tàbí lọ́sàn-án. Àmín.

Aṣọ tó ku igun kan yẹn, wọ́n ti ná an títí, n kò tà á. Ó wà nínú àpótí mi dè ọ́. Òun ni o ó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fún ọ ní ìwé ẹ̀rí. Bí ọ̀kan nínú àwọn tíṣà rẹ bá fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní fítámì ara aṣọ rẹ kò pé, dá a lóhùn pé o mọ̀, ọmọ rẹ ti kọ́kọ́ rí i, ní ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù aláró.