Ẹmọ́ Funfun Tí Mo Gbé Wá Sílé Ọkọ

Wayllapata,
Lẹ́bàá Andahuaylas,
Perú.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 1994.

Saturna, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Jọ̀wọ́, má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá mi lẹ́nu, ká má tilẹ̀ sọ ti ọwọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Lima? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wúkọ́ nígbà tí o ń lọ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti yá? Ara tèmi le. Fidencio ọkọ mi ń tọ́jú mi. Ó máa ń bó ọ̀dùnkún gbígbóná fún mi kó tó bó tirẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ Utku ló wà lọ́kàn mi, ẹmọ́ ilé tí èmi àti ìwọ jọ fi koríko tọ́, tó funfun bí òwú. Mo gbé e wá sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kó dara pọ̀ mọ́ tiwọn lábẹ́ ààrò. Wọ́n ní láti ìgbà ìyá ọkọ tiwọn ni àwọ̀ agbo ẹmọ́ náà kò ti yí padà: pupa ló pọ̀ jù, alámì tótòtó tẹ̀ lé e, dúdú kò ju díẹ̀ lọ. Wọ́n ní àṣírí rẹ̀ kò le. Àjèjì kì í wọlé, tiwọn kì í jáde. Kò sẹ́ni tó ń yan akọ fún abo. Bí wọ́n bá fẹ́ pa ọ̀kan jẹ, ṣe ni wọ́n máa ń dijú mú un. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹmọ́ náà kù díẹ̀, torí bí ẹmọ́ bá kéré, àwọ̀ kan lè bá ọbẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Aládùúgbò wa tó ń mú dúdú nìkan fún àwọn tó ń fi í wo àìsàn, kò ní dúdú kankan mọ́ lónìí.

Wọ́n ní, "Ìyàwó àjèjì ti wọlé, ẹmọ́ àjèjì tún fẹ́ tẹ̀ lé e? Lọ́jọ́ ọdún Màríà, a ó sè é."

Láti ìgbà náà, inú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa ni Utku wà. Bó bá gbọ́ ohùn àwọn tó kù, á máa ké. Fidencio ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń sunkún o?"

Láàárọ̀ yìí, èmi àti ìyá ọkọ mi jọ ń bó ọ̀dùnkún, mo sì fẹ́ sọ nǹkan tó máa dùn mọ́ wọn. Mo ní, "Màmá, àwọn alámì yìí mà rẹwà o. Ibo lẹ ti rí wọn?"

Wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé ìyá ńlá wọn wá, nínú aṣọ ìborùn mi, lọ́jọ́ tí mo di ìyàwó níbí."

Wọ́n wo ọ̀nà yàrá wa, wọ́n wò mí, wọ́n sì tún mú ọ̀dùnkún, wọ́n ń bó o lọ títí ó fi tán. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mi ò mọ ohun tí tèmi máa yọ.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ àti ọmọ náà. Rántí Utku nínú àdúrà, má sì jẹ́ kí àlùfáà gbọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Eufrasia.

Dúró ná. Ìyá ọkọ mi ń pè mí láti ìdí ààrò. Wọ́n ní kí n gbé Utku bọ̀. Wọ́n tún ti pè, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀bẹ, koríko ni kí n mú dání, àwọn alámì ti ń dúró dè é lábẹ́ ààrò.