Omi Ùsun Tí Mo Sẹ́

                                        Ilé 17, Òkèyìnmi,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, 1978.

Ayọ̀kúnlé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, gbogbo ará ilé yín ní Ìjan. Ìyá Ẹ̀bùnọlá ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti fún un nísinmi díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́, àfi ọkàn mi tí kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Monínúọlá ọmọ mi ni. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní jọ́gíráfì, síbẹ̀ n kò yé dààmú lórí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi gan-an ni mo da omi tútù sí i lọ́kàn.

Lóṣù tó kọjá, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rìn yí Adó ká. Wọ́n gun òkè láti wo bí ìlú ṣe ń fẹ̀, wọ́n wo ààtàn tó dí gọ́tà pa, ó sì ń bi wọ́n bí a ó ṣe máa kọ́lé tí omi àti ilẹ̀ ò fi ní tán mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Ẹ̀yìnkùlé mi ni wọn yóò parí sí. Ó ti sọ̀tàn Ùsun fún wọn ní kíláàsì, ìsun tí èmi àtìwọ ń pọn láàárọ̀ kí a tó lọ sílé ìwé. Ó ní kí n fi ojú rẹ̀ hàn wọ́n. Mo gbà.

O mọ̀ pé mo ti fi yẹ̀pẹ̀ pupa dí i lọ́dún 1975, mo kọ́ yàrá méjì lé e. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀gbẹ́ni kan tẹ̀ lé wọn, ó so táì mọ́rùn, ó ká máàpù sábẹ́ apá. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé mẹ́ta létí odò, pé wíwó ni. Mo rò pé ọ̀kan lára wọn ni, pé bó bá mọ̀ pé orí omi ni mo kọ́lé sí, yóò sàmì sí tèmi náà.

Monínúọlá ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni Ùsun wà?”

Mo ní, “Ùsun wo? Omi kankan ò sí níbí rí.”

Ó wò mí. Àpá òkúta Ùsun ṣì wà lójúgun rẹ̀, níbi tó ti yọ̀ ṣubú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ kì í pe bàbá rẹ̀ lópùrọ́ lójú èrò. Ó yíjú sáwọn ọmọ, ó ní, “Ẹ kọ ohun tí Bàámi sọ sílẹ̀.” Wọ́n sì kọ ọ́.

Wọ́n ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún. Tèmi ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni náà. Ó tọrọ omi mu lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ìyá Monínúọlá ló wá sọ fún mi pé Àǹtí Odò-Kò-Sí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é báyìí. Bó bá ti ya máàpù sójú pátákó, ẹnì kan á ní, “Àǹtí, ṣé èyí tiẹ̀ wà?” Kò bínú sí mi lójú. Ó kàn dẹ́kun àtimáa wá jẹun lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun wá sí Ìjan lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti múra lọ jẹ́wọ́ nílé ìwé wọn. Ẹnu géètì ni mo ti ń padà.

Bó bá dé, gbà á bí ọmọ. Má bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Kí ìwọ tó mu níbẹ̀ ṣáà sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tuntun pé Ùsun wà.

Bá mi kí Ìyá Ẹ̀bùnọlá àti gbogbo ilé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo gbé ṣọ́bìrì, mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn yàrá kejì. Kò jìn dé orúnkún tí omi fi yọ. Ó tutù bíi tàtijọ́. Èmi nìkan ni mo mu ún.

                                        Èmi ni, ẹni tí a jọ pọn omi,
                                        Ọláníyì.