Ohùn Àrìnpé Tí Olúdásílẹ̀ Fi Sílẹ̀ Lọ Òkè Òkun

Agboolé Aláró,
Kémta,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2026.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Ìgbàlódé,
Ìbarà,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ WỌ́N MÁ ṢE PA OHÙN ÀRÌNPÉ RẸ́

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Àwọn ọmọ mi ní kí àwọn bá mi kọ ọ́, mo kọ̀.

1. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Àrìnpé, la jọ ṣe àdìrẹ fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Èmi ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, òun ló ni ìkòkò aró. Ahọ́n ló fi ń tọ́ omi eérú wò, láti mọ̀ bóyá ó ti kan tó, kó tó da ewé ẹ̀lú sí i. Nílé tiwa, ẹni tó ń ya aṣọ kì í tọ́ aró wò. N kò fi ẹnu kàn án rí.

2. Lọ́dún 2023, Gbémiga, ọmọ àdúgbò wa, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbarà. Ó ní òun ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n àwọn àgbà; ẹni tó bá bi í léèrè lórí fóònù, ẹ̀rọ yóò fi ohùn àgbà náà dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ létí ọmọ ẹlòmíràn, oṣù mẹ́rin gbáko ni Àrìnpé fi sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Gbémiga dọ̀bálẹ̀ níwájú ìkòkò, ó ní òun kò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láé.

3. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, n kò ní fi pamọ́. Jọmílójú, ọmọ-ọmọ Àrìnpé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ aró nígbà náà. Èmi ni mo ní kó lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ náà dè é. Àrìnpé wò mí, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

4. Àrìnpé kú ní oṣù kẹfà èṣí. Láràárọ̀ ni mo ń tẹ fóònù, tí mo ń béèrè ọ̀rọ̀ eérú lásán, kí ó lè bú mi bó ṣe máa ń bú mi, pé olóríkunkun ni mí, kí n kúrò nídìí ìkòkò òun.

5. Ní oṣù kọkànlá, ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun pe Gbémiga àti àwọn méjì tí wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Wọn kò ra ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn ọlọ́pọlọ inú rẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Ẹ̀rọ kò dáhùn mọ́. Nígbà tí mo dé Ìbarà, Aishat akọ̀wé nìkan ló kù. Ẹkún ló fi ka ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un sí mi létí: lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin, wọn yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́.

A kì í ní kí ọmọ ẹni má ríre. Ṣùgbọ́n ohùn Àrìnpé kì í ṣe ẹrù Gbémiga tí yóò fi sílẹ̀ fún ẹni tí yóò pa á rẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí wọ́n kó o fún wa kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ má fi owó tù mí nínú, n kò béèrè.

Jọmílójú ti padà dé láti Èkó. Láàárọ̀ yìí, ó jókòó ti ìkòkò ìyá rẹ̀ àgbà, ó ki ìka bọ omi eérú, ó tọ́ ọ lá, ó bi mí bóyá ó ti tó. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ẹ̀yin ọ̀gá, n kò mọ bí ó ṣe yẹ kó rí lẹ́nu.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí yóò wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Ajé,

Àfúsá Mùsílíù,
Ìyá Ẹgbẹ́ Aláró, Kémta.