Eyín Tó Kán

Mummy mi,

Ara mi le, ẹ má mikàn. Ní lẹ́sìn wa n'Íkòsì, à ń múra ìdánwò bàyọ́lọ́jì A-Level. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tíṣà gbé agbárí èèyàn gidi wá, wọ́n ní kí n ka eyín rẹ̀. Eyín iwájú kan ti kán dé ìdajì.

"Àpèkẹ́, kí ló dé tó o ń gbọ̀n?" tíṣà bèèrè.

"Òtútù ni, sà." Ọ̀sán gangan ni o.

Mummy, eyín Bọ̀dá Reuben tó kán nígbà tí wọ́n já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀, kí wọ́n tó wá ru tòmátò ní Mile 12 tí a ò gbúròó wọn mọ́, ṣé tọwọ́ òsì ni? Mo kàn bèèrè ni.

Èmi ni mo máa ń nu agbárí wọn báyìí kí lẹ́sìn tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Súmbọ̀. Ẹ kí Daddy, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ ohun tí mo bèèrè fún wọn.

Ọmọ yín,
Àpèkẹ́