Ẹmu Ọ̀pẹ Ìwọ́ Rẹ Ti Kan

Ifọ̀, ọjọ́ kejì ọjà, 1976.

Afọlábí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, akọ ni wọ́n, wọ́n sì ti jẹ iṣu tí mo fẹ́ gbìn.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní níbi iṣẹ́ yín, ẹ kà á pé àwọn òyìnbó Jámánì ń fi iná pa kòkòrò inú wàrà àti omi ọsàn, kó má baà tètè kan, láì gbé e kaná. Mo ní háà! Iná wo ni wọ́n ń fi ṣe é tí wọn ò gbé e kaná? Ìyá rẹ ló là mí lóye pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ni. O tún ní iná ọ̀hún kì í dúró, pé ńṣe ló ń wá fìrí, tó ń lọ fìrí. Inú mi dùn, torí irú iná yẹn gan-an la ní ní Ifọ̀ níbí.

Ọmọ mi, ọ̀pẹ tí a ri ìwọ́ rẹ sí nídìí lẹ́yìn ilé ló mú mi gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. N kò dá ẹmu rẹ̀ rí, mo ní ìwọ lo máa kọ́kọ́ mu ún. Mo retí rẹ ní Kérésìmesì, o ò wá. Mo retí rẹ ní Àjíǹde, o ní iṣẹ́ pọ̀. Orúnkún mi wá yarí, ó ní òun ò gun ọ̀pẹ mọ́. Ni mo bá fi ìrora gùn ún lẹ́ẹ̀mejì péré: mo dá a, mo gbé akèrègbè kọ́ ọ; lọ́jọ́ kejì mo sọ akèrègbè ẹmu kan péré kalẹ̀, mo sì fi igbà tí mo fi ń gùn kọ́ ara ògiri.

Mo gbé ẹmu náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, mo ní kí wọ́n bá mi fi iná kàn án fìrí, kó lè dúró de ọmọ mi. Akọ̀wé wọn ní mítà mi dà. Mo ní ẹmu kì í ṣe ilé, kí ló fẹ́ fi mítà ṣe? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá tábìlì. N ò bá a jà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Yínúsà télọ̀, mo so akèrègbè sábẹ́ gílóòbù rẹ̀, mo jókòó tì í. Iná wá, ó lọ. Ó tún wá, ó tún lọ. Mo ní ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn! Àfi bó ṣe di ọjọ́ kejì tí ẹmu hó, tó ti ìdérí dànù, tó dà sórí léèsì oníléèsì. Mo tọ́ èyí tó kù wò. Ó ti kan débi pé eyín kan mí.

Ìyá rẹ ní ṣé mo rí ara mi. Ojú tì mí, Afọlábí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti léèsì ló dùn mí. Rélùwéè tó ń fọn fèrè kọjá lẹ́yìn ilé wa láràárọ̀, Èkó náà ló ti ń bọ̀. Ẹmu tí ẹni tó máa mu ún bá wà nítòsí, kí ló fẹ́ fi iná ṣe?

Jọ̀ọ́, fi owó léèsì ránṣẹ́ sí Yínúsà. Èyí tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí èmi, fi wọ rélùwéè. Nígbà tí mò ń sọ akèrègbè yẹn kalẹ̀, mo gbé òmíràn kọ́ síbẹ̀. Ó ṣì wà lókè, orúnkún mi ò jẹ́ kí n lọ gbé e. Yóò ti kan báyìí, síbẹ̀ n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ dè.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Nígbà tó o bá dé, á jẹ́ kó o bá mi nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnkànmí.